Ìyá Ìbejì, kí ló wà nínú báàgì yẹn?

Ìyá Ìbejì ti Kubwa, ojú ìwé mẹ́ta gbáko lẹ fi ro ẹjọ́ híhanrun. Ẹ ní ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín fẹ́ jọ lọ ṣe Úmúrà, pé tó bá sùn, ńṣe ló ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ wá ń béèrè bí ẹ ṣe máa sọ fún un pé ẹ ò lè bá a sun yàrá kan náà ní Mẹ́kà tí kò fi ní bínú. Láàárín gbogbo rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo yìí wà níbẹ̀: "Mo tiẹ̀ máa bá a gbé báàgì kékeré kan tó fẹ́ fún àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Jeddah, torí kílò tirẹ̀ ti pé." Ẹ kọ ọ́ tán, ẹ tún padà sídìí híhanrun.

Kí ló wà nínú báàgì yẹn? Ẹ ò sọ. Ó sì hàn nínú lẹ́tà yín pé ẹ ò tiẹ̀ béèrè.

Ikú lòfin Saudi Arabia lè dá fún ẹni tó bá kó oògùn olóró wọlé. Ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lára ẹrù ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọkọ̀ òfuurufú ní Kano pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, Úmúrà náà lòun ń lọ. Àwọn kan lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ báàgì tí tramadol, oògùn ìrora, wà nínú rẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, ìjọba Nàìjíríà ló sì dá sí i. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé báàgì kankan wà níbì kan o! Ẹ̀yin mọ̀, ẹ tún fẹ́ fọwọ́ ara yín gbé e.

Ọ̀rẹ́ yín lè ní àmáánà ni, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni. Ohun téèyàn rí, tó sì mọ̀, ló ń gbà bí àmáánà. Ó lè jẹ́ èlùbọ́ lásán lóòótọ́, ọ̀rẹ́ yín gan-an sì lè má mọ ohun tí wọ́n dì fún un. Inú èlùbọ́, inú ọṣẹ dúdú, abẹ́ bàtà, etí aṣọ tí wọ́n rán pa, ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú oògùn olóró sí. Ẹ sọ fún un pé ẹrù yín nìkan lẹ máa gbé, kí ó fi tàbúrò ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lọ́nà mìíràn. Tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Ó ku ti pápákọ̀. Tí ẹ bá jọ dé káńtà, òṣìṣẹ́ lè da ẹrù ẹ̀yin méjèèjì pọ̀ sórí òṣùwọ̀n, kó sì lẹ orúkọ ẹnì kan mọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kó ya tiyín sọ́tọ̀. Ẹ ti àgádágodo mọ́ ọn, ẹ yà á ní fọ́tò lórí òṣùwọ̀n kí kílò rẹ̀ hàn. Tó bá lẹ táàgì tán, ẹ ka orúkọ tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ka iye bébà kékeré tó fún yín: báàgì méjì, bébà méjì. Tó bá fún yín ní mẹ́ta, ẹ má kúrò níwájú rẹ̀. Ní Jeddah, tí ẹ bá rí ẹrù àjèjì tórúkọ yín wà lára rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe òṣìṣẹ́. Oògùn tiyín náà, kó wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Tramadol tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì níbí bí ẹni ra ẹ̀pà, òfin dè é lọ́hùn-ún.

Ti híhanrun, yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó èèyàn lọ máa ń gbà, ẹ ó gbọ́ ti ẹlòmíràn bí ẹ ò gbọ́ tirẹ̀. Ẹ ra ohun ìdítí. Ìrìn láti òkè Sáfà sí òkè Máríwà ní Mẹ́kà lẹ́ẹ̀meje lé ní kìlómítà mẹ́ta, lẹ́yìn tawáàfù, ìyẹn yíyí Kaaba po, ni o. Oorun máa kun ẹ̀yin náà.

Ẹ pè é lálẹ́ òní. Báàgì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.