Ẹ má tíì gbé ìkókó náà lọ sí Ìkòròdú

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ 6. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ ADA kò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àìsàn jà pọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e wá sí Ìkòròdú, kó wá gba BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kí ni kí n sọ fún màmá?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá ọmọ. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ní Kánádà nípa ọmọ wa kejì nìyẹn, Ìkòròdú náà sì ni ilé wa. Lórí fóònù ni mo ti là á yé màmá mi.

Mo ní kí wọ́n rántí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ládùúgbò wa. Búlọ́ọ̀kù oríṣi mẹ́rin ni ara fi ń kọ́ DNA, ìyẹn ìwé ìlànà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, àfi kó kọ́ DNA mìíràn, àwọn tó ń bá àìsàn jà sì gbọ́dọ̀ pín kíákíá tí kòkòrò bá ti wọlé. ADA ló ń palẹ̀ àfọ́kù DNA mọ́. Tí kò bá sí, àfọ́kù kan tó ń jẹ́ deoxyadenosine á kó jọ, sẹ́ẹ̀lì á sọ ọ́ di dATP, ọ̀kan nínú búlọ́ọ̀kù mẹ́rin yẹn. Tí ìyẹn bá ti pọ̀ jù, ńṣe ni ẹ̀rọ tó ń mọ gbogbo wọn á dákẹ́. Bíríkìlà ò rí mẹ́ta yòókù lò, sẹ́ẹ̀lì á kú.

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Àṣé òkìtì ọ̀kan ló dènà mẹ́ta." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

BCG ńkọ́? Kòkòrò ààyè ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára. Ọmọ mìíràn á bá a jà, àpá kékeré á kù sápá. Tiyín kò ní ohun tó máa fi jà, ó lè ràn ká gbogbo ara. Láti 2021 ni wọ́n ti ń dúró di ọjọ́ 28 ní England kí wọ́n tó fún ọmọ ní BCG, kí èsì àyẹ̀wò irú èyí lè kọ́kọ́ jáde. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nílé ni àjẹsára rọpárọsẹ̀ (polio) tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu: àwọn ọmọ agboolé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán an sí lẹ́nu máa ń ya kòkòrò ààyè inú rẹ̀ jáde nínú ìgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Níbi tí ẹ wà, ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ń kán àjẹsára rotavirus, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, sọ́mọ lẹ́nu. Kòkòrò ààyè ló wà nínú tiẹ̀ náà, ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ yín kò gbọdọ̀ gbà á. Ẹ sì bi dókítà léèrè nípa ọmú, nítorí kòkòrò kan tó ń jẹ́ CMV, tó lè gba inú wàrà ọmú wọ ọmọ lára.

Abẹ́rẹ́ ADA ni tiwa ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó fi mùdùnmúdùn eegun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i lára. Màmá ló wá bá wa níbí. Wọ́n á fọwọ́ dé ìgúnpá, wọ́n á tún un fọ̀, kí wọ́n tó gbé e.