"Bóyá" kọ́ ni ìdáhùn sí gbogbo iyèméjì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlọrin béèrè lọ́wọ́ mi bí a ṣe ń sọ perhaps, probably, apparently àti allegedly ní Yorùbá, nítorí pé olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún wọn pé "bóyá" kárí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ iyèméjì mìíràn. Inú bí mi nígbà tí mo kà á. Ìlú tí à ń kì ní Afọ̀njá ẹnu dùn juyọ̀ ni wọ́n ti ń sọ irú èyí fún ọmọdé!

Ọmọ mi, ọdún 22 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní gúúsù Kwara, iṣẹ́ náà ni ó sì kọ́ mi pé Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá kì í ṣiyèméjì bákan náà. Gẹ̀ẹ́sì a máa di iyèméjì sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a sì jù ú sáàrin gbólóhùn láìsọ ẹni tí ó ń ṣiyèméjì. Yorùbá a kọ́kọ́ sọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa ná. Bí ojú bá rí àmì rẹ̀, a ó ní "ó jọ pé" tàbí "ó dàbí ẹni pé", èyí tí í ṣe apparently. Bí ó bá jẹ́ pé etí ni ó gbọ́ ọ, a ó ní "wọ́n ní" tàbí "a gbọ́ pé", nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn ni ó rò ó tí ó sì kùnà, a ó ní "mo ṣebí": ẹni tí ó sọ pé "mo ṣebí o ti jẹun" ti mọ̀ báyìí pé o kò tíì jẹun.

Lórí allegedly ni ojú mi ti rí màbo. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ka ẹ̀sùn ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó jí ewúrẹ́, allegedly sì wà nínú ohun tí wọ́n kà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi dìde, ó túmọ̀ rẹ̀ pé: "Bóyá ni ó jí ewúrẹ́ náà." Ìyá tí ó ni ewúrẹ́ fò dìde: "Bóyá báwo? Ojú mi kòró yìí ni mo fi rí i!" Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá náà kò jẹ̀bi. "Bóyá yóò wá" túmọ̀ sí pé ó lè wá, ó sì lè má wá. "Bóyá ni yóò wá" túmọ̀ sí pé n kò gbà pé yóò wá. "Ni" kékeré yẹn ni ọmọdékùnrin náà fi dá olè sílẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó sọ ni pé: "Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó jí ewúrẹ́." Allegedly fi ẹni tí ó fẹ̀sùn kanni pamọ́, Yorùbá ní dandan kí "wọ́n" jáde.

Perhaps kò le. Hap tí ó wà nínú rẹ̀ túmọ̀ sí àkọsẹ̀bá, "bóyá" sì tó o. Àwọn kan tilẹ̀ ń ka "bí Ọlọ́hun bá fẹ́" tí àwa ará Ìlọrin ń sọ mọ́ ọ̀rọ̀ iyèméjì, wọ́n sì ṣìnà: Súrátù Kahf nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 23 àti 24, ni ó pa á láṣẹ fún ẹni tí ó ń sọ ohun tí yóò ṣe lọ́la, bí ó ti wù kí ó dá a lójú tó.

Probably ni ó kù, òun ni mo sì fi "àfàìmọ̀" pamọ́ dè. Ní tèmi, "àfi" àti "àìmọ̀" ni ó wà nínú rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ kò bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé èmi ni n kò mọ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ ti fi ìmọ̀ ara rẹ̀ dógò. "Má" tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni ó ń tan àwọn ọmọ òde òní jẹ. Bí àgbà bá ní "àfàìmọ̀ kí òjò má rọ̀", ọmọ yóò jókòó jẹ́jẹ́, yóò rò pé òjò kò ní rọ̀, nígbà tí àgbà ti ń kó èlùbọ́ tí ó sá wọlé. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ tèmi gan-an, bí wọ́n bá pè mí láti Èkó, "ó máa probably rọ̀" ni wọ́n ń sọ.

Nítorí náà, gbólóhùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi, "The trader has probably left Ipata market", kọ ọ́ báyìí: "Àfàìmọ̀ kí oníṣòwò náà má ti kúrò ní ọjà Ìpàta." Bí olùkọ́ rẹ bá fa igi lé e nítorí "má" yẹn, mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ àgbà, kí o bi í bóyá oníṣòwò náà ṣì wà ní ọjà.