Ìkamùdù ni tàbí ìjàlọ? Ìdáhùn sí ìbéèrè òǹkàwé kan láti Ògbómọ̀ṣọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Àrówómọlẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ béèrè yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí òjò rọ̀, àwọn èèrà dúdú ńláńlá kan kọ́wọ̀ọ́ rìn kọjá lẹ́bàá kànga wa, wọ́n sì dojú kọ ibi tí ìkán ti ń mọ amọ̀ sára ọgbà. Àwọn kan tóbi, àwọn kan kéré, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ìkán ló kún ẹnu àwọn ńlá inú wọn, àwọn kan sì gbé èèrà ẹgbẹ́ wọn dání. Mo fi ìgbálẹ̀ kàn wọ́n, wọ́n dún ṣìì bí ìgbà tí omi ta sínú iná, òórùn burúkú gba ibẹ̀ kan, ọ̀kan sì ta ọmọ mi lẹ́sẹ̀. Màmá, ìyá ọkọ mi, ní ìkamùdù ni; ọmọ mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìjàlọ ni. Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an nínú ìwé àwọn onímọ̀? Ṣé òkú ara wọn ni wọ́n ń gbé lọ jẹ? Ṣé kí n da kẹrosíìnì sí ihò wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ohun tí ẹ kọ yìí wúlò fún wa ju àwòrán tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fi ránṣẹ́ lọ, nítorí pé fọ́tò kò lè sọ bí èèrà ṣe ń rìn, ohun tó ń jẹ àti ìró tó ń pa fún wa, bẹ́ẹ̀ àwọn nǹkan mẹ́ta yìí gan-an ni mo fi dá èèrà yín mọ̀. Megaponera analis ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yọ ìjàlọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìjàlọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dorylus, a máa tò rìn lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni ọmọ yín ti ṣì í mú. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ní ojú rárá, ohun tó bá sì bá lọ́nà ló ń jẹ, ìbáà jẹ́ aáyán, ìbáà jẹ́ òròmọdìẹ tí kò ríbi sá sí. Èèrà tiyín ní ojú méjì, ìkán nìkan ló sì bá lọ. Ìkán ni Megaponera fi ń ṣe oúnjẹ, pàápàá àwọn tó ń gbin olú sínú ilé wọn.

Ọ̀rọ̀ ti Màmá ló gba sùúrù díẹ̀. N kò ní sọ pé wọ́n ṣì í, nítorí pé, lójú tèmi, èèrà tó ju ẹyọ kan lọ ni àwọn àgbà wa ń pè ní ìkamùdù: èyíkéyìí tó bá dúdú, tó tóbi, tó ń ta ni, tó sì ń rùn. Èèrà mìíràn tó ń jẹ́ Paltothyreus tarsatus náà bá àpèjúwe yìí mu, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì, èròjà tó ní imí-ọjọ́ nínú ló sì ń mú un rùn. Èmi fúnra mi ti fi òórùn dá èèrà mọ̀ rí, mo sì gbé e gba ibi tí kò gbà, torí pé Megaponera náà ń rùn. Ìrìn wọn ni kí ẹ máa wò. Paltothyreus a máa dá jẹ̀ kiri láàárín ewé gbígbẹ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi dọ́gba. Ní ti Megaponera, amí kan ló ń lọ wá ìkán, tí yóò padà wá pe àwọn yòókù, tí ńlá àti kékeré yóò sì jọ jáde, láti nǹkan bí 200 títí dé 600. Àwọn ńlá a fọ́ amọ̀, àwọn kékeré a wọlé lọ fa ìkán síta. Abájọ tí àwọn òyìnbó fi orúkọ àwọn jagunjagun Matabele ti ìhà gúúsù Áfíríkà sọ ọ́. Ìró ṣìì tí ẹ gbọ́, ara ni wọ́n ń fi ha ara láti fi kìlọ̀ fún ẹni tó bá dà wọ́n láàmú.

Bí a bá fẹ́ tò ó sí ipò, ẹ wò ó bí ìgbà tí à ń júwe ènìyàn láti agboolé rẹ̀. Àdúgbò rẹ̀ ni Hymenoptera, níbi tí oyin àti agbọ́n náà ń gbé. Agboolé rẹ̀ ni Formicidae, tí gbogbo èèrà ayé wà nínú rẹ̀. Ojúlé rẹ̀ ni Ponerinae, tí ìbàdí wọn ní kókó kan ṣoṣo, tí ikùn wọn sì fún díẹ̀ lẹ́yìn abala àkọ́kọ́. Ìkán kò sí ní àdúgbò yìí rárá, aáyán ni ìbátan rẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ kò fún, ìwo orí rẹ̀ kò sì tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ bíi ti èèrà.

Ọdún 1802 ni Latreille, onímọ̀ kòkòrò ọmọ ilẹ̀ Faransé, pè é ní Formica analis. Mayr dá orúkọ Megaponera sílẹ̀ ní 1862, wọ́n tún wá kó o pọ̀ mọ́ àwọn èèrà mìíràn tó ń jẹ́ Pachycondyla, kí Schmidt àti Shattuck tó yọ ọ́ padà ní 2014. Bí ọmọ yín bá rí Pachycondyla analis nínú ìwé tó ti pẹ́ díẹ̀, èèrà kan náà ni.

Àwọn tí wọ́n gbé dání kì í ṣe òkú. Ní 2017, Erik Frank àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣe ìwádìí ní igbó ọba Comoé ní Côte d'Ivoire, fi hàn pé èyí tí ìkán já lẹ́sẹ̀, tàbí tí ìkán ṣì há mọ́ lára, ni wọ́n ń gbé relé. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀. Ní 2023, wọ́n tún rí i pé oje kan láti ara àwọn èèrà yìí ni wọ́n ń fi pa egbò tó bá ti kẹ̀, oje náà sì ń pa kòkòrò àrùn. Ó ya èmi náà lẹ́nu.

Ẹ má da kẹrosíìnì sí ihò wọn. Ìkán tó ń jẹ ọgbà yín ni wọ́n ń bá yín kó lọ. Ẹ kàn jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ bàtà lọ sí abẹ́ máńgòrò náà, bí ojú ẹni tí wọ́n ta bá sì wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ kí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ní yunifásítì LAUTECH tó wà nítòsí yín níbẹ̀, kí ó mú ńlá kan àti kékeré kan pọ̀, kí wọ́n má baà rò pé ẹ̀yà méjì ni, kí ó kó wọn sínú ìgò kékeré tí spírítì wà nínú rẹ̀. Kí ó kọ ibi tó ti mú wọn, ọjọ́ náà, àti ohun tí wọ́n ń ṣe sórí bébà kékeré, kí ó sì fi í sínú ìgò náà; pẹ́ńsù ni kí ó fi kọ ọ́, nítorí pé spírítì yóò pa yíǹkì bírò rẹ́.