Ẹṣin Ìje Olówó Pọ́ọ́kú: Ṣé Kí N Rà Á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gun ẹṣin ẹlẹ́ṣin, ó sì ti pẹ́ tí ó ti wà lọ́kàn mi láti ní tèmi. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n fi ẹṣin kan lọ̀ mí: akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, ọmọ ọdún 7, tí ó sá eré ìje títí di oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Iye tí wọ́n ń tà á kò tó ìdá mẹ́rin iye ẹṣin tí a ti kọ́ dáadáa fún gígùn. Ẹni tí ó ń tà á ní kò sí ohun tí ó ṣe é, pé kò kàn yára tó ni. Mo fẹ́ máa gùn ún nínú pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa fo igi kéékèèké bó bá yá. Ǹjẹ́ irú ẹṣin yìí yẹ ní rírà, àbí ìyà ni mo fẹ́ fi owó mi rà?

ÌDÁHÙN: Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni ẹni tí ó ń tà á sọ, èyí tí ó sàn jù lọ nínú àléébù ẹṣin ìje ni ẹ bá pàdé yẹn. Owó tí ẹṣin lè jẹ lórí pápá ni olówó rẹ̀ ń wá, nígbà tí kò bá sì yára tó láti jẹ ẹ́, ìnáwó lásán ni ó kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ gùn ún jẹ́jẹ́ kò nílò ìyára yẹn. Láti ọmọ ọdún 2 ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ eré ìje, púpọ̀ nínú wọn a sì ti kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 8, bẹ́ẹ̀ ẹṣin tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 25 láyé tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹṣin ìje tí owó rẹ̀ wálẹ̀ ni ó ní àrùn lára. Ohun tí ẹ ní láti wádìí ni ìdí tí ó fi kúrò lórí pápá gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún ìwé rẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé nọ́ńbà microchip (ẹ̀rọ ìdánimọ̀ bíńtín abẹ́ awọ) tí ó wà ní ọrùn rẹ̀ bá ti inú ìwé mu. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àkọsílẹ̀ àwọn eré tí ó ti sá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo ipò tí ó gbà. Ní tèmi, àlàfo tí ó wà láàárín ọjọ́ eré kan sí èkejì ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ẹṣin tí ó sá eré 40 láàárín ọdún mẹ́rin, tí kò fi oṣù púpọ̀ pòórá, ti fi hàn pé ẹsẹ̀ òun le, bí kò tilẹ̀ gba ipò kìíní rí. Irú rẹ̀ a máa ba àwọn olùrà lẹ́rù, wọ́n á ní ó ti gbó, wọ́n á wá lọ ra èyí tí ó sá eré mẹ́ta péré, tí a kò rí fún ọdún kan gbáko, tí ó tún padà wá sá ẹyọ kan kí wọ́n tó gbé e sọ́jà. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí a kò rí i yẹn, ẹsẹ̀ ni ó sì sábà máa ń jẹ́.

Ẹsẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò jù, pàápàá méjèèjì ti iwájú, nítorí àwọn ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwúwo rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tọ iṣan ńlá tí ó gba ẹ̀yìn ojúgun sọ̀kalẹ̀, láti abẹ́ orúnkún títí dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ti ẹsẹ̀ kejì wé e. Ó yẹ kí ó nà tààrà, kí ó le, kí ó sì tutù. Bí ó bá yọ sẹ́yìn bí ọrun tí wọ́n fà, a jẹ́ pé iṣan náà ti ya nígbà kan rí. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa gba oṣù 9 sí ọdún kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó jinná, ibi tí ó ti jinná náà kì í sì í lè fà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èyí tí ó ti pẹ́, tí kò gbóná, tí kò sì dun ẹṣin náà lè gba gígùn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti mẹ́nu kan fífo igi, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ra ẹṣin tí ó ní in. Kókó kékeré líle tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú ojúgun, ní tirẹ̀, kì í sábà ju àbàwọ́n tí a kàn ń fojú rí lọ bí ó bá ti tutù.

Pátákò rẹ̀ lè má wuni. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kàn mọ́ ọn fún eré ìje, iwájú rẹ̀ sì sábà máa ń gùn jù, tí gìgísẹ̀ á wó. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lè tún un ṣe, àmọ́ ó máa ń tó ọdún kan kí pátákò tuntun tó hù láti òkè dé ilẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pe dókítà ẹranko tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, kì í ṣe ẹni tí ó ti ń tọ́jú ẹṣin náà fún ẹni tí ó ń tà á. Yóò gbọ́ ọkàn àti èémí rẹ̀, yóò yẹ ojú rẹ̀ wò, yóò sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú fún bí ìṣẹ́jú kan kí ó tó ní kí wọ́n mú un sáré kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ líle, nítorí pé oríkèé tí ń dun ẹṣin a máa fara hàn níbẹ̀. Ẹ ní kí ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú, torí pé oògùn ìrora bíi phenylbutazone lè bo títiro mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ wá wò ó. Mo mọ̀ pé owó dókítà àti ti àwòrán egungun lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n ń ta ẹṣin náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń fà sẹ́yìn. Ó máa ń yà mí lẹ́nu, nítorí pé oúnjẹ, irin ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn aràn ẹṣin olówó pọ́ọ́kú kò yàtọ̀ sí ti ẹṣin olówó ńlá, ẹ ó sì máa san án lọ́dọọdún.

Ọgbẹ́ inú ikùn wọ́pọ̀ gan-an láàárín ẹṣin ìje, nítorí pé ọkà tí wọ́n ń jẹ pọ̀, koríko wọn kò tó, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jáde nínú ibùso. Ẹṣin tí ó rù, tí ó ń fẹ́ bu ènìyàn jẹ bí wọ́n bá ń di gàárì mọ́ ọn, ó lè jẹ́ pé inú ni ó ń run ún. Oògùn omeprazole pẹ̀lú koríko púpọ̀ sábà máa ń wo èyí sàn, nítorí náà n kò kà á sí ìdí láti kọ̀ ọ́. Èyí tí ó ń gé igi ibùso jẹ, tí ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ mì, ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àṣà náà kì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ẹ tètè dé ju àkókò tí ẹ dá lọ, kí ẹ sì dúró wò ó nínú ibùso kí wọ́n tó mú un jáde.

Ó ku ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń tà á kọ́kọ́ gùn ún lójú yín. Orí ìrìn ni wọ́n ti máa ń gbé agẹṣin ìje sórí ẹṣin, nítorí náà ó lè má mọ bí a ṣe ń dúró kí ènìyàn tó gùn ún. Bí ẹ bá sì fa ìjánu le, ó lè rò pé ẹ ní kí òun tẹra mọ́ eré. Kì í ṣe agídí, ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn, ó sì lè gbà yín ní oṣù púpọ̀ láti kọ́ ọ ní òmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹṣin àgbà tí ó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ẹ ti gùn fún ọdún mẹ́fà yẹn, ẹ wá olùkọ́ kan tí yóò máa bá yín dúró tì í kí ẹ tó san owó. Bí ẹ bá rí olùkọ́, tí ẹsẹ̀ ẹṣin náà kò sì ní àléébù, èmi ìbá rà á.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fẹ́ fún wa ní abo ẹṣin ìje kan lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ọdún 5, tí iṣan ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ya ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún 12 ni mo fẹ́ gbà á fún, òun ni yóò sì jẹ́ ẹṣin rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣé kí n gbà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà á. Yàtọ̀ sí pé ẹsẹ̀ náà lè má tíì jinná tán, ẹṣin tí ó ń padà bọ̀ láti inú irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò kí a mú un rìn jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹṣin ìje tí ó ti sinmi pẹ́, tí ara ń yá, kò sì ṣeé fà lé ọmọdé lọ́wọ́. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, kí dókítà fi irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún yẹ iṣan náà wò, kí àgbà kan tí ó mọ ẹṣin gùn sì kọ́kọ́ gùn ún fún oṣù díẹ̀ kí ọmọ yín tó gorí rẹ̀.