Má tíì fi ariwo lu hẹ́dífóònù yẹn

Àbúrò wa tó kọ̀wé láti Ṣàgámù, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní o ra hẹ́dífóònù olówó gọbọi, ohùn rẹ̀ kéré, béèsì rẹ̀ ò wọlé. Ẹni tó tà á fún ọ ní kí o ṣe burn-in fún un, ìyẹn ni kó o jẹ́ kó máa dún fúnra rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi là, fún wákàtí 100 kí o tó máa gbádùn ẹ̀. O wá ń bèèrè bóyá pink noise, ariwo tó ń dún ṣàà láìdáwọ́ dúró, ló dáa jù láti fi ṣe é, àbí orin. Jọ̀ọ́, yọ ọ́ lára fóònù ná.

Irú ìmọ̀ràn yìí gan-an lẹni tó ta tèmi fún mi, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ó ní hẹ́dífóònù tuntun dà bí ìlù tuntun: awọ rẹ̀ ṣì le, àfi ká lù ú dáadáa kó tó rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n onílù wo ló ń wá kí awọ ìlù òun rọ̀? Ṣebí oòrùn ni wọ́n ń sá a sí kó lè le. Èyí tó wà nínú hẹ́dífóònù ò tiẹ̀ ṣe awọ ẹran, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Wọ́n ká wáyà tín-ín-rín roboto, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike yẹn lẹ́yìn, wáyà náà sì ń mì nínú àlàfo tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mágnẹ́ẹ̀tì.

Ó ní kí n gbé ohùn rẹ̀ dé òkè pátápátá, kí n sì jẹ́ kó máa dún ṣàà tọ̀sán-tòru. Mo ṣe é. Bí iná bá dé, n ó tàn án. Bí wọ́n bá mú iná lọ, n ó lọ fa jẹnẹrétọ̀, èmi tí n kì í tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ooru. Àwọn ará ilé ń bèèrè ohun tó ń hó nínú yàrá. Nígbà tí mo wá fi sétí, apá ọ̀tún ti ń gbọ̀n. Gbogbo ibi tí ìlù bá ti lọ sílẹ̀, á máa ha jìrìrì, pàápàá nínú fújì. Mo yí wáyà padà, mo gbé e sára fóònù ẹlòmíràn, mo gbé e sára kọ̀ǹpútà, jìrìrì náà ni.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nígbà náà. Orin a máa sinmi. Akọrin á mí, onílù á gbọ́wọ́ sókè. Ariwo yẹn kì í sinmi rárá. Iná tó ń gba inú wáyà kọjá á máa mú un gbóná, kò sì ráyè tutù. Bí ohùn bá wà lókè pátápátá fún wákàtí rẹpẹtẹ, gọ́ọ̀mù lè rọ̀, wáyà á yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú àyè rẹ̀, á máa ha ara irin. Tó bá ti dé bẹ́ẹ̀, kò sí burn-in tó lè wò ó sàn.

Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ní ọjọ́ méje làwọn fi ń gba ọjà padà, ọjọ́ mi sì ti kọjá. Ẹ wá bá mi ṣírò o: ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 168. Kéèyàn tó rí 100 nínú ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa dún fún wákàtí tó ju 14 lọ lójúmọ́. Ta ló ní irú iná bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ? Ó mọ̀ pé kí n tó parí, ọjọ́ ti lọ. Ó tún wá fi kún un pé mo lù ú bàjẹ́ ni. Ẹni tó ní kí n lù ú!

Àwọn ọ̀gá orí YouTube náà ò yàtọ̀. Ọ̀kan á ní wákàtí 50, òmíràn á ní 200, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó fi wọ̀n ọ́n. Ṣé o tún ṣàkíyèsí pé kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ rí pé burn-in ba ohùn tòun jẹ́? Gbogbo ẹ̀ ló máa ń dáa sí i. Etí tó ti mọ́ra ni. Bó o bá sún hẹ́dífóònù síwá tàbí sẹ́yìn díẹ̀ lórí, ìyàtọ̀ tí wàá gbọ́ ju èyí tí burn-in lè mú wá lọ.

Ohun tó ń rọ̀ lóòótọ́ ni fóòmù tó yí etí ká. Bí kò bá tíì jókòó dáadáa, afẹ́fẹ́ á ráyè jáde, béèsì á sì bá a lọ. Fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Bí béèsì bá wọlé lójijì, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Yọ fìlà, wo apá awò ojú rẹ. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún àwọn obìnrin pé ti gèlè náà ńkọ́.

Lónìí tí ọjọ́ méje ṣì ń lọ, yẹ̀ ẹ́ wò. Wá àpàlà Haruna Ishola ti Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn àwo rẹ̀ ti àwọn ọdún 1950. Mono ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀ nígbà yẹn, kò sí ọ̀tún, kò sí òsì, nítorí náà àárín orí gan-an ló yẹ kóhùn rẹ̀ ti máa wá. Bó bá fì sápá kan, yí hẹ́dífóònù padà, ọ̀tún sí òsì. Bí ohùn náà bá bá a yí, gbé e sára fóònù mìíràn; bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ọjà náà ló lábùkù. Bó bá dúró síbi tó wà, lọ yẹ etí ẹ wò. Lẹ́yìn náà kó o gbọ́ agogo àti àgídìgbo, bóyá nǹkan ń ha. Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 wà o, àmọ́ láìsí rìsíìtì, ẹnu lásán ni.

Má sì tìtorí pé o fẹ́ gbọ́ béèsì kó o máa gbé ohùn sókè. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ohùn tó bá tó decibel 80 (decibel la fi ń wọn bí ohùn ṣe lọ sókè tó) ò gbọdọ̀ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Tó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni, tó bá di 100, ogún ìṣẹ́jú fún odindi ọ̀sẹ̀. Ẹnìkan ò lè tún etí ṣe fún ọ.

Háà, ìbéèrè rẹ gan-an. Pink noise àbí orin? Orin tó o fẹ́ràn ni, ní ìwọ̀n ohùn tó tura, kó o sì wà níbẹ̀ máa gbọ́ ọ. Ó tán.

Àmọ́ ohùn tó o ní ó kéré yẹn ń kọ mí lóminú. Hẹ́dífóònù kan náà lè wà ní oríṣiríṣi ohm, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá: Beyerdynamic DT 770 Pro wà ní 32, ó wà ní 80, ó wà ní 250. Fóònù lásán ò lágbára tó láti gbé ti 250 dáadáa, amp, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ló nílò, bó o sì lu ú di Iléyá tó ń bọ̀, kò ní yí padà. Wo ẹ̀yìn páálí rẹ, kó o kọ nọ́ńbà tó wà níwájú àmì Ω síbí fún wa.