Ṣé kí bàbá mi máa sé èémí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ìbéèrè: Bàbá mi, ẹni ọdún 62, ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n rí fídíò kan nípa èémí danjeon ti àwọn ará Kòríà, tí wọ́n ní ó ti wà láti 5,000 ọdún. Wọ́n á fa èémí sí ikùn, wọ́n á sé e títí di ìṣẹ́jú kan kí abẹ́ ìdodo lè gbóná. Orí ń fọ́ wọn, fídíò sì ní agbára ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ pa oògùn tì. Báwo ni kí wọ́n ṣe ṣe é kó tó jẹ́?

Ìdáhùn: Kí bàbá má pa oògùn kankan tì. Kí wọ́n sì ṣíwọ́ èémí sísé lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù.

Ti 5,000 ọdún yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń tajà. Heo Jun, oníṣègùn ààfin Kòríà, parí ìwé Donguibogam ní 1610, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1613, danjeon, ìyẹn àwọn ibi tí wọ́n gbà pé agbára ara ń gbé, sì wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní àyà, ọ̀kan lábẹ́ ìdodo. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Táò ní Ṣáínà ni ìmọ̀ náà ti wọ Kòríà. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ọ fún ará ìlú ní kíláàsì kò tíì pẹ́: 1967 ni olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Cheongsan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní Gukseondo, ọ̀nà èémí danjeon kan.

Danjeon kì í ṣe ẹ̀yà ara. “Jeon” túmọ̀ sí oko. “Dan” ni egbòogi pupa tí àwọn àgbà ìgbà náà gbà pé ó ń mú ẹ̀mí gùn. Tí ẹ bá to ìka 4 sábẹ́ ìdodo, ibẹ̀ ni wọ́n ní oko náà wà. Afẹ́fẹ́ kì í dé ibẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń mọ. Iṣan pẹrẹsẹ tó wà láàárín àyà àti ikùn ló ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń ti ìfun, tí ikùn fi ń yọ síta.

Ẹni tó bá sé èémí, tó tún ń fi agbára ti ikùn, ohun tó ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń fipá ya ìgbẹ́ líle: ẹ̀jẹ̀ á ru lójijì. Ẹni tó sì ń yára mí jù á lé kábọ́nì-dáyọ́ksáìdì, afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, jáde jù, òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ á fún, òyì á kọ́ ọ, ìka rẹ̀ á máa ta bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní agbára! Àwọn olùkọ́ Kòríà fúnra wọn ní orúkọ fún orí fífọ́ yìí: sanggi, ìyẹn ni pé gi, agbára ẹ̀mí, ti gun orí. Àṣìṣe ni wọ́n kà á sí, torí ohun tí wọ́n ń wá ni kí orí tutù kí ikùn sì móoru. Ìpele àkọ́kọ́ Gukseondo pàápàá, ìṣẹ́jú-àáyá 5 wọlé, 5 jáde ni. Kò sí sísé níbẹ̀.

Èyí tí bàbá lè ṣe rèé, bí dókítà wọn bá fọwọ́ sí i. Kí wọ́n ti jẹun tó wákàtí 2. Kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n ká orúnkún, kí wọ́n gbé ọwọ́ kan lé àyà, èkejì lé abẹ́ ìdodo. Ọwọ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ máa gbéra. Imú ni kí wọ́n fi mí, kí wọ́n ka 1 dé 5 wọlé, 1 dé 5 jáde, láìsí ariwo. Bí 5 bá nira, 3 tó. Ìṣẹ́jú 5 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má kọjá 15 lẹ́yìn náà. Tí èjìká bá ń gbéra tàbí tí wọ́n ń ti èémí wọ ikùn, wọ́n ti ń fipá ṣe é nìyẹn.

Èémí pẹ̀lẹ́ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ fún àwọn kan, kò lè gba ipò oògùn. Aláboyún, ẹni tó ní ìpá, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò gbọ́dọ̀ dá a dáwọ́ lé. N kò rí bàbá, n kò sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ mú wọn lọ wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ yìí nítorí orí tó ń fọ́ yẹn. Bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan bá kú tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.