Oró tó ń pa ewé àgbàdo, kí ló dé tí kò pa ẹni tó ń ṣe é?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àpá gígùn tó rí bí eérú ń yọ láàárín iṣan ewé àgbàdo mi. Wọ́n ní fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń tú oró sí i. Kí ló dé tí oró náà kò pa òun fúnra rẹ̀? Ṣé a kò lè fín oró yẹn kan náà sí i, kó kú?

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó jọ iṣẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Cercospora. Cercosporin lorúkọ oró rẹ̀, àwọ̀ pupa ló ní. Nínú òkùnkùn, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á ló máa ń sọ ọ́síjìn di ohun tó ń jó awọ sẹ́ẹ̀lì. Awọ á lu, oúnjẹ inú rẹ̀ á ṣàn jáde, fọ́ńgọ́ọ̀sì á máa jẹ ẹ́.

Ọ́síjìn yìí kò mọ ará ilé yàtọ̀ sí àlejò, ọ̀nà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń gba ara rẹ̀ là kò sì mọ sí ẹyọ kan. Níwọ̀n ìgbà tí oró bá ṣì wà lára rẹ̀, ó máa ń yí i padà sí irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè fi ṣe púpọ̀. Tó bá ti kúrò lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ á dá a padà sí bó ṣe wà. Ẹ lè fojú rí i: lábẹ́ maikirosíkóòpù tó ń lo ìmọ́lẹ̀ àkànṣe, okùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà láàyè máa ń tàn ní àwọ̀ ewé, èyí tó ti kú á tàn pupa. Ohun ìyanu ni lójú mi títí dòní. Ó tún ní purotéènì kan lára awọ rẹ̀ tó ń ti oró náà síta. Fítámì B6 náà ń bá a pa agbára ọ́síjìn yẹn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ba jíìnì kan (ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀) jẹ́ lára Cercospora, kò lè fara da oró ara rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ jíìnì ọ̀hún sì ni láti ṣe B6.

Nítorí náà, ẹ má ronú àtifín oró náà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì á yè é, ewé yín ló máa jìyà.

Ibi tí mo fọkàn sí ni kí ohun ọ̀gbìn fúnra rẹ̀ ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbàdo kan ní jíìnì Hm1, tó ń sọ oró fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, HC-toxin, di aláìlágbára. Ọdún 1992 ni wọ́n yọ jíìnì náà sọ́tọ̀.

Ní ti oko yín, ẹ wá irúgbìn tó lè dúró de àrùn yìí. Ẹ má gbin àgbàdo lé àgbàdo, torí orí pòròpórò àti ewé gbígbẹ tó kù nílẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ń sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá máa fín oògùn, ẹ fín in kí àpá tó gun dé ewé tó wà nítòsí ọmọ àgbàdo.